George Waterston, Ẹni tí Ó Ṣọ́ Ìtẹ́ Àṣá Apẹja

Ẹni tí ó bá gba Warehouse Road kọjá ní Àpápá, ọkọ̀ akẹ́rù àti ilé ìkẹ́rùsí ni ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí. Ibẹ̀ kò jìnnà sí èbúté tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí láti ìlú òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ni kò jìnnà sí Ajégúnlẹ̀ àti àwọn omi kéékèèké tí ń ṣàn lọ bá ọ̀sà. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé àlejò àti ẹrù ń ti òkè òkun wọ Àpápá. Ṣùgbọ́n àlejò kan wà tí kì í wọ ọkọ̀, tí kì í san owó ibodè, tí ó sì ń wá sí etí ọ̀sà Èkó àti àwọn omi mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún, nígbà tí òtútù bá ti ń mú ní Yúróòpù. Ẹyẹ ni àlejò náà. Ẹja ni oúnjẹ rẹ̀. Osprey ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Ní èdè Yorùbá, a lè pè é ní àṣá apẹja.

Àṣá apẹja kì í yé ẹyin ní ọ̀dọ̀ wa. Oúnjẹ àti oòrùn ni ó ń wá wá. Nígbà tí ó bá di nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, yóò dìde, yóò fò kọjá lórí aṣálẹ̀ Sàhárà, yóò sì padà sí ilẹ̀ tí a ti bí i láti lọ tọ́ ọmọ tirẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni Skọ́tíláǹdì. Ìgbà kan wà tí ẹyẹ yìí pa rẹ́ pátápátá níbẹ̀. Nígbà tí ó sì tún yọjú, ọkùnrin kan wà lára àwọn tí wọ́n fi ara wọn jì kí ó má baà tún pa rẹ́. Orúkọ ọkùnrin náà ni George Waterston.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹrin ọdún 1911 ni a bí George Waterston ní Edinburgh, olú-ìlú Skọ́tíláǹdì. Ìdílé oníṣòwò ni ìdílé rẹ̀. Láti ọdún 1752 ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ti ń ṣe ìda tí a fi ń lẹ ẹnu lẹ́tà, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òwò ìwé àti bébà kún un. Nígbà tí George jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Edinburgh Academy, ó wọ inú òwò náà gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí ó mọ ojúṣe rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú òwò, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ẹyẹ. Láti ìgbà èwe ni ó ti máa ń rìn káàkiri etí òkun àti inú igbó, tí ó ń wò wọ́n, tí ó sì ń kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀.

Kì í ṣe ẹni tí ń dá ìmọ̀ jẹ. Ohunkóhun tí ó bá fẹ́ràn, ó máa ń fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn bá a pín nínú rẹ̀. Ní ọdún 1933, òun àti àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ àwọn oníwádìí ẹyẹ kan sílẹ̀ ní agbègbè Edinburgh. Ní ọdún kejì rẹ̀, wọ́n dá ibùdó kan sílẹ̀ ní erékùṣù May, níbi tí wọ́n ti ń mú àwọn ẹyẹ tí ń rin ìrìn-àjò, tí wọ́n ń fi òrùka kékeré bọ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì ń tú wọn sílẹ̀, kí a lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Ní ọdún 1936, a dá ẹgbẹ́ àwọn oníwádìí ẹyẹ fún gbogbo Skọ́tíláǹdì sílẹ̀, Waterston sì wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀. Nígbà náà kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ní ọdún 1935 ni ó kọ́kọ́ dé erékùṣù Fair Isle. Ilẹ̀ kékeré kan ni, láàrin agbami òkun ní àríwá Skọ́tíláǹdì, tí ẹ̀fúùfù ń fẹ́ lù tọ̀sán-tòru. Àwọn ènìyàn díẹ̀ tí ń dá oko, tí ń sin àgùntàn, tí wọ́n sì ń hun aṣọ òtútù aláràbarà ni ń gbé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìgbà ìrìn-àjò àwọn ẹyẹ bá dé, àìmọye ẹyẹ ni ń bà sí i láti sinmi. Waterston rí i, ọkàn rẹ̀ sì fà sí i. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ibẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́ ibùdó ńlá fún ìwádìí ẹyẹ sí.

Kí ó tó lè ṣe é, ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀. Waterston di sọ́jà, wọ́n sì rán an lọ sí erékùṣù Kírétè ní òkun Gíríìsì. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1941, àwọn ọmọ ogun Jámánì já sí erékùṣù náà láti ojú ọ̀run, wọ́n ṣẹ́gun, wọ́n sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún sọ́jà ní ìgbèkùn. Waterston wà lára wọn. Wọ́n kó wọn lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ogun ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí wọn ká.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ìrònú ń pa nínú irú ibi bẹ́ẹ̀. Wáyà lè dá ènìyàn dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá ẹyẹ dúró, kò sì lè dá ojú dúró kí ó má wò wọ́n. Waterston rí àwọn ẹlẹ́wọ̀n mìíràn tí wọ́n ní irú ìfẹ́ tí ó ní. Ọ̀kan ni John Buxton, tí ó ti ibẹ̀ kó ìmọ̀ jọ tí ó fi kọ odidi ìwé lórí ẹyẹ kan ṣoṣo. Èkejì ni Peter Conder, tí ó di olórí ẹgbẹ́ ńlá tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ogun. Waterston fúnra rẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Ian Pitman, jókòó ti bébà, wọ́n sì ń ya bí ibùdó ẹyẹ ní Fair Isle yóò ti rí. Ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni wọ́n ń ya àwòrán ilé sí, nígbà tí àwọn tìkára wọn kò mọ ọjọ́ tí wọn yóò jáde.

Nínú àgọ́ náà ni àìsàn kíndìnrín ti mú un, àìsàn tí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi dá a padà sílé ní ọdún 1943, nígbà tí àwọn orílẹ̀-èdè tí ń jagun gbà láti ṣe pàṣípààrọ̀ àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí ara wọn kò yá. Bí ọkọ̀ tí ó gbé e ti ń súnmọ́ ilé, ilẹ̀ àkọ́kọ́ tí ó rí ní ìlú rẹ̀ ni Fair Isle. Ní ọdún 1948, ó ra erékùṣù náà, ó sì ṣí ibùdó ẹyẹ sílẹ̀ nínú àwọn ilé pákó tí àwọn ọmọ ogun ojú omi ti lò nígbà ogun. Àwọn ará erékùṣù náà ń dínkù nígbà náà, ó sì dàbí ẹni pé wọn yóò ṣí kúrò níbẹ̀ pátápátá. Waterston mọ̀ pé òun nìkan kò lè gbé ẹrù náà. Ní ọdún 1954, ó fi erékùṣù náà lé ọwọ́ àjọ tí ń tọ́jú àwọn ohun ìní àjogúnbá ní Skọ́tíláǹdì, wọ́n tún ibẹ̀ ṣe, àwọn ènìyàn sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní.

Ọdún 1954 yìí kan náà ni ọ̀rọ̀ àṣá apẹja bẹ̀rẹ̀.

Ẹyẹ ńlá ni àṣá apẹja. Bí ó bá na ìyẹ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ju mítà kan ààbọ̀ lọ láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun, ìlà dúdú kan sì gba ojú rẹ̀ kọjá bí ẹni pé ó lé tìróò. Yóò rábàbà lójú kan lókè omi. Bí ó bá ti rí ẹja, yóò já wálẹ̀, yóò na ẹsẹ̀ síwájú, yóò sì wọ omi gbì. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ rí háráhárá bí ohun tí a fi ń rin ilá, kí ẹja má baà yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè yí padà sẹ́yìn, kí méjì lè wà níwájú, kí méjì wà lẹ́yìn, kí ó lè di ẹja náà mú ṣinṣin.

Ní ayé àtijọ́, ẹyẹ yìí wọ́pọ̀ ní Skọ́tíláǹdì. Àwọn tí ń ṣọ́ odò fún àwọn ọlọ́rọ̀ ń yìnbọn pa á nítorí ẹja. Nígbà tí ó dínkù, ìparun mìíràn tún dé bá a. Àwọn kan wà tí iṣẹ́ ìgbádùn wọn jẹ́ kíkó ẹyin ẹyẹ jọ sínú àpótí, bí ẹlòmíràn ti ń kó owó àtijọ́ jọ. Bí ẹyin bá ti ṣọ̀wọ́n tó ni ó ti níye lórí tó lójú wọn. Báyìí ni ọ̀wọ́n àṣá apẹja fúnra rẹ̀ di ohun tí ń pa á. Lẹ́yìn ọdún 1916, a kò rí ìtẹ́ rẹ̀ kankan mọ́ ní Skọ́tíláǹdì.

Ní ọdún 1954, tọkọtaya àṣá apẹja kan kọ́ ìtẹ́ sí agbègbè Loch Garten, adágún omi kan tí igbó igi páìnì yí ká, wọ́n sì tọ́ ọmọ méjì yọrí. Ní ọdún 1955, Waterston di aṣojú RSPB, ẹgbẹ́ tí ń dáàbò bo ẹyẹ ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún Skọ́tíláǹdì. Iṣẹ́ tí ó bọ́ sí i lọ́wọ́ ni láti rí i pé àwọn ẹyẹ wọ̀nyí yé, kí wọ́n sì pa ọmọ. Ó bọ́ sí àkókò tí ọkàn ń pòrúùrù. Ọdún dé, ọdún lọ, àwọn ẹyẹ ń padà wá láti Áfíríkà, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tí ó yọrí. Òfin ti wà láti ọdún 1954 tí ó dáàbò bo ẹyẹ àti ẹyin, ṣùgbọ́n òfin kò lè gun igi lọ jókòó ti ìtẹ́.

Nítorí náà, ní ọdún 1958, Waterston àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàgọ́ sínú igbó Loch Garten. Wọ́n ń ṣọ́ ìtẹ́ náà tọ̀sán-tòru, bí ẹ̀ṣọ́ kan bá lọ sùn, òmíràn a gbà á. Wọn kò sọ ibi tí ìtẹ́ wà fún ẹnikẹ́ni, nítorí èrò gbogbo ayé nígbà náà ni pé àṣírí nìkan ni ó lè gba ẹyẹ là. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fẹ́ jalè ti mọ̀. Ní òru dúdú kan ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, ọkùnrin kan yọ́ wọ inú igbó, ó sì gun igi náà. Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ rí i, wọ́n sáré sí i, ṣùgbọ́n ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú òkùnkùn. Ní ìdí igi ni wọ́n ti rí ẹyin àṣá apẹja tí ó fọ́. Nínú ìtẹ́, ẹyin adìẹ ni wọ́n bá, tí olè náà ti fi pólíìṣì bàtà kùn kí ó lè jọ ti ẹyẹ náà. Iṣẹ́ odidi ọdún kan ti di asán ní ìṣẹ́jú díẹ̀.

Ẹlòmíràn ìbá ti sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Waterston kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ronú lórí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ó sì rí ohun kan tí kò hàn sí ọ̀pọ̀ ènìyàn: àṣírí tí wọ́n ń pa mọ́, àwọn ènìyàn rere nìkan ni wọ́n ń pa á mọ́ fún. Olè mọ ọ̀nà. Ará ìlú tí ìbá bá wọn ṣọ́ ọ ni kò mọ̀. Nígbà tí ìgbà ìyẹ́yin ọdún 1959 dé, wọ́n tún ẹ̀ṣọ́ ṣe ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, wọ́n sì fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún yí igi náà ká. Àwọn ẹyẹ náà yé ẹyin, wọ́n sì sàba lé e.

Ó tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún àti ọjọ́ díẹ̀ kí ẹyin àṣá apẹja tó pa. Ìyá ni ó ń sàba jù. Baba ni ó ń lọ sí odò. Bí baba bá mú ẹja bọ̀, kì í jẹ́ kí ẹja náà gbà á ní ìbú. Orí ẹja ni ó máa ń kọ síwájú kí afẹ́fẹ́ má baà dá a dúró. Ní oṣù kẹfà, ẹyin mẹ́ta pa ọmọ mẹ́ta. Ìgbà náà ni Waterston ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ó kéde fún gbogbo ayé pé àṣá apẹja ti pa ọmọ ní Loch Garten, ó sì ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá wò ó. Ẹ̀rù ba àwọn kan. Wọ́n rò pé èrò yóò lé àwọn ẹyẹ náà sá, pé olè yóò sì fara pamọ́ sáàrin èrò. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ó kọ́ àtíbàbà kan sí ibi tí ó jìnnà tó kí ìyá ẹyẹ má baà fòyà, ó gbé awò ńlá tí ń mú ohun òkèèrè súnmọ́ ojú sínú rẹ̀, ó sì fi àwọn tí yóò máa ṣàlàyé sí ìdí rẹ̀.

Àwọn ènìyàn wá. Òṣìṣẹ́ wá, àgbẹ̀ wá, olùkọ́ kó àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wá. Wọ́n rí ìyá tí ń já ẹran ẹja wẹ́wẹ́, tí ó ń fi ẹnu fún àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n rí i bí ó ti ń na ìyẹ́ bò wọ́n nígbà tí òjò bá ń rọ̀, tí ó sì ń fi ara rẹ̀ ṣe ìbòòji fún wọn nígbà tí oòrùn bá mú. Wọ́n rí baba tí ń kó ẹja bọ̀ láìsinmi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀, ìyẹ́ àwọn ọmọ ń hù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dìde dúró ní etí ìtẹ́, wọ́n ń lu ìyẹ́ títí ẹsẹ̀ wọn fi ń kúrò nílẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje sí mẹ́jọ, wọ́n fò. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó yọrí. Nǹkan bí 14,000 ènìyàn ni ó wá wò wọ́n ní ọdún náà. Kò sí ẹyin tí ó sọnù, kò sí ọmọ tí a jí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ojú tí ń wo ìtẹ́ ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀ṣọ́.

Ohun tí ó yanilẹ́nu jù ni ohun tí ó tẹ̀lé e. Nínú ìdílé àṣá apẹja, ìyá ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ lọ sí Áfíríkà; baba yóò dúró díẹ̀ kí ó máa bọ́ àwọn ọmọ. Kì í ṣe bàbá tàbí ìyá ni ó ń mú ọmọ lọ́nà. Olúkúlùkù ọmọ ni yóò dá dìde, tí yóò dá fò lórí òkun àti aṣálẹ̀, tí yóò sì dé ibi tí kò dé rí. Ọ̀pọ̀ ni kì í yè é. Èyí tí ó bá yè yóò dúró ní etí omi Áfíríkà títí yóò fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún méjì, kí ó tó padà lọ wá aya tàbí ọkọ. Òrùka ẹsẹ̀ ni ó kọ́kọ́ fi ọ̀nà wọn hàn. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tí ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ ń tẹ̀lé wọn dé Senegal, Gambia àti àwọn ilẹ̀ mìíràn ní ẹkùn wa.

Ní ọdún 1962, Waterston àti Philip Brown tẹ ìwé jáde lórí ìpadàbọ̀ ẹyẹ náà. Ní ọdún 1964, Ọbabìnrin fi oyè OBE dá a lọ́lá. Ní gbogbo àkókò yìí, àìsàn kíndìnrín rẹ̀ kò lọ. Ṣe ni ó ń le sí i. Ní ọdún 1972, ó fẹ̀yìn tì. Ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ẹ̀rọ ni a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nínú ilé rẹ̀. Síbẹ̀, bí ara bá ti gbà á láyè, òun àti Irene aya rẹ̀ máa ń rin ìrìn-àjò lọ wo ẹyẹ, àní dé àwọn ilẹ̀ yìnyín ti àríwá ayé. Ó rí i kí ó tó kú tí RSPB ra ilẹ̀ Loch Garten ní ọdún 1975. Ní ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù kẹsàn-án ọdún 1980, George Waterston dágbére fún ayé, ní ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò bá a lọ. Láti ọdún 1959, àwọn tí ó ti lọ wo àṣá apẹja ní Loch Garten ju mílíọ̀nù méjì lọ. Tọkọtaya kan ṣoṣo tí wọ́n fi wáyà ẹlẹ́gùn-ún ṣọ́ ti di ju igba tọkọtaya lọ lóde òní ní Skọ́tíláǹdì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lápapọ̀. Ilé tí ẹgbẹ́ tí ó bá wọn dá sílẹ̀ ní ọdún 1936 ń lò báyìí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí kò ṣòro láti rí. Ìfẹ́ rẹ̀ sí ẹyẹ bẹ̀rẹ̀ ní ìgbà èwe. Ìgbèkùn kò pa á, àìsàn kò pa á, olè kò sì pa á. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ nìkan kọ́ ni ó gba ẹyẹ náà là. Ó fọkàn tán àwọn ènìyàn pé bí wọ́n bá fi ojú ara wọn rí ohun tí ó dára, wọn yóò tọ́jú rẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà. Sùúrù àti ìfọkàntán ni ó fi ṣẹ́gun.

Iṣẹ́ náà kò sì parí sí Loch Garten. Ẹyẹ tí a tọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ làálàá yóò lo ìdajì ọdún lórí omi ilẹ̀ wa. Bí epo àti ike bá bo ọ̀sà, tí ẹja bá kú, asán ni ìṣọ́ òru àwọn ará Skọ́tíláǹdì. Odò tí ó gba Ajégúnlẹ̀ kọjá àti ọ̀sà tí ó wà ní etí Àpápá wà lára ilé àlejò tí ń rin ọ̀nà jíjìn. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ń gba Warehouse Road kọjá láàrin oṣù kẹwàá sí oṣù kẹta, kí ó máa gbé ojú sókè wo ojú omi nígbà mìíràn. Bí ó bá rí ẹyẹ kan tí ó lé tìróò sójú, tí ó ń rábàbà, tí ó sì já wọ inú omi gbì, ó ti rí ọmọ tí àwọn kan ṣọ́ ìtẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ó kan òun náà láti ṣọ́ ọ.